Ṣé saj' ló ba ọ̀rọ̀ geere Lárúbáwá jẹ́, àbí òun ló bí Maqamat?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Ọmọ Kéwú (ìdáhùn mi sí i, àti sí àwọn tó dá sí ọ̀rọ̀ náà nísàlẹ̀ rẹ̀, ló tẹ̀lé e):

Ẹ̀yin tí ẹ ti kéwú jìnnà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Odidi ọdún kan ni a ti fi wà lórí Maqamat al-Hariri, ìwé àádọ́ta ìtàn kúkúrú tí al-Hariri fi saj' kọ, ní ilé-kéwú wa, a kò sì tíì parí ìkẹjọ nínú àádọ́ta. Àfáà wa ní kí a há a sórí, kí a sì mọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó le. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ èdè Lárúbáwá ní yunifásítì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní saj', ìyẹn ọ̀rọ̀ geere tí ìró ìparí gbólóhùn rẹ̀ ń bára mu, ló pa ọ̀rọ̀ geere Lárúbáwá, àti pé al-Jahiz, akọ̀wé ńlá ayé àtijọ́ nì, ló yẹ kí n máa kà. Ẹlòmíràn tún sọ pé Ànábì kọ saj'. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo wá ń fi oorun mi dù fún?

* * *

Àbúrò mi, ibi tí o parí sí ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló wúwo jù. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé Ànábì kọ saj', bi í pé inú hádíìsì wo, ìyẹn ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, ló ti rí i. Ọ̀kan ni gbogbo wọn sábà ń tọ́ka sí, ó sì wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim, àwọn tó ṣa hádíìsì jọ. Obìnrin méjì láti ẹ̀yà Hudhayl ń jà, ọ̀kan sọ òkúta lu èkejì, oyún inú rẹ̀ sì bá a lọ. Ànábì dájọ́ pé kí wọ́n fi ẹrú kan san ẹ̀san oyún náà. Ọkùnrin kan láti ìhà ẹni tó jẹ̀bi wá dìde, ó ní báwo ni òun ṣe máa san ẹ̀san ẹni tí kò mu tí kò jẹ, tí kò fọhùn tí kò sì ké, nígbà tó jẹ́ pé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ní ìsan. Ní èdè tirẹ̀, akal, istahall àti yutall ló fi parí gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì dùn létí. Ànábì dáhùn pé ara àwọn aláfọ̀ṣẹ ni ọkùnrin yìí.

Wo ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe. Wọ́n ti dájọ́, kò ní ẹ̀rí, kò ní àwíjàre, ó wá fẹ́ fi adùn ẹnu yí ẹjọ́ padà. Èyí ni iṣẹ́ tí àwọn aláfọ̀ṣẹ ń fi saj' ṣe kí Ìsìláàmù tó dé: àwọn ni àwọn Lárúbáwá ń gbé ẹjọ́ wọn lọ bá, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ìparí rẹ̀ ń bára mu ni wọ́n sì fi ń dáhùn, kí ẹni tó wá má baà lè bi wọ́n ní ìdí. Al-Jahiz fúnra rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ rẹ ń fi lé ọ lọ́wọ́ bí ọ̀tá saj', gbé e sínú ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sísọ pé nítorí àwọn aláfọ̀ṣẹ ni wọ́n fi kórìíra saj' nígbà náà, àti pé nígbà tí ìdí náà kúrò ńlẹ̀, ìkórìíra náà bá a lọ.

Ẹnìkan lè mú ọ̀rọ̀ Ibn Abbas, ọmọlẹ́yìn Ànábì, wá pé kí a yẹra fún saj' nínú àdúà. Òótọ́ ni, ó wà nínú Bukhari. Ṣùgbọ́n àdúà tí Ànábì fúnra rẹ̀ ṣe nìyí: ó wá ààbò lọ́dọ̀ Ọlọ́run kúrò nínú ìmọ̀ tí kò ṣàǹfààní, ọkàn tí kò bẹ̀rù, àti ẹ̀mí tí kì í yó. Yanfa', yakhsha', tashba'. Kí ni a fẹ́ pe èyí? Ohun tí mo gbà ni pé èyí tí ènìyàn jókòó wá kiri títí ó fi gbàgbé ohun tó ń tọrọ ni Ibn Abbas kọ̀.

* * *

Ẹ̀yin kan ti ń bínú sí mi pé mo fẹ́ pe Kùránì ní saj'. Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ẹ ti mú un wá, kò yẹ kí a sá fún un, nítorí inú àríyànjiyàn yìí gan-an ni ìmọ̀ nípa saj' ti gbó.

Ọmọ ọdún méje tó ń ka Súrà al-Kawthar mọ̀ pé kawthar, inhar àti abtar ń bára mu. Kò sí ẹni tó jiyàn ìyẹn. Orúkọ tó yẹ kí a pè é ni wọ́n ń jà sí. Al-Baqillani, onímọ̀ ẹ̀sìn tó kú ní ọdún 1013, ní a kò gbọ́dọ̀ pè é ní saj' rárá, nítorí pé nínú saj' ìtumọ̀ ló ń sáré tẹ̀lé ìró, ṣùgbọ́n nínú Kùránì ìró ló ń tẹ̀lé ìtumọ̀; fawasil, ìyẹn ìparí àwọn ẹsẹ, ni orúkọ tí òun àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà. Ibn al-Athir, akọ̀wé àti onímọ̀ ọ̀rọ̀ kíkọ tó kú ní ọdún 1239, kò gbà. Ó ní bí saj' bá jẹ́ àbùkù, kò ní kún inú Kùránì tó báyìí, ó sì dárúkọ súrà bíi ar-Rahman àti al-Qamar. Ó wá là á sílẹ̀ pé kí saj' tó lè dára, gbólóhùn kejì gbọ́dọ̀ gbé ìtumọ̀ tirẹ̀ wá, kì í ṣe kí ó tún ti àkọ́kọ́ sọ nítorí ìró. Ó fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn akọ̀wé ńlá ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì yege.

Ẹ jẹ́ ká fi ti orúkọ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n Ibn al-Athir ni kí ẹ mú lọ́wọ́, nítorí a máa nílò rẹ̀ tí a bá dé ọ̀dọ̀ al-Hariri.

* * *

Ẹnìkan kọ pé, "Ewì náà ni saj', ìlù rẹ̀ ló kàn já." Rárá o. Ewì Lárúbáwá àtijọ́ ní òṣùwọ̀n gígùn àti kúkúrú tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ìró ìparí kan ṣoṣo ló sì máa ń ní. Saj' kò ní òṣùwọ̀n yẹn. Ó lè fi ìró kan parí gbólóhùn méjì, kí ó fi òmíràn parí mẹ́ta tó tẹ̀lé e, kí ó sì tún yà bàrá.

Ohun kan wà tí ìwé kì í sábà fi yé ọmọ kéwú, etí ló ń fi yé e. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró síwájú àfáà mi láti ka gbólóhùn kan tó gbajúmọ̀, ma ab'ada ma fat, wa ma aqraba ma huwa at, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó ti lọ mà jìnnà o, ohun tó ń bọ̀ mà sún mọ́ o, mo fẹ́ fi hàn pé mo ti gbọ́ náhàwù, ìyẹn gírámà Lárúbáwá. Mo fi fáwẹ̀lì ìparí sí gbogbo rẹ̀: fata, atin. Àfáà fi ọ̀pá lu ẹní, wọ́n ní, "O ti fọ́ ìlù náà." Bí a bá fi ìparí náhàwù kà á, fata àti atin kò bára mu rárá. Àfi kí a dánu dúró, kí a pa fáwẹ̀lì ìkẹyìn jẹ, kí ó di fat àti at. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni saj', ibi tí ẹni tó ń sọ ọ́ ti mí ló ń gbé.

Ẹni tó ní ọfọ̀ wa ni saj' pẹ̀lú, mo gbọ́ yín. Wọ́n jọra ní ti pé agbára wà nínú ìró méjèèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ ohun tí a dá ni ọfọ̀ sábà ń fi ṣeré, tí ọ̀rọ̀-ìṣe á jáde láti inú orúkọ ewé tàbí ti ẹranko, kì í ṣe ìró tó parí gbólóhùn. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

* * *

Wàyí o, ọ̀rẹ́ rẹ ará yunifásítì. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn sísàlẹ̀, n óò sì ṣe àkópọ̀ rẹ̀ láìrẹ́ ẹ jẹ: ó ní ọ̀rọ̀ geere Lárúbáwá mọ́ gaara lọ́wọ́ Abd al-Hamid, akọ̀wé àwọn Umayyad, ìdílé tó jọba lórí àwọn Mùsùlùmí nígbà náà, tí wọ́n pa ní ọdún 750, ó tún dán sí i lọ́wọ́ Ibn al-Muqaffa' àti al-Jahiz, àwọn akọ̀wé ààfin ló wá fi saj' dì í lókùn mọ́lẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni. Al-Jahiz fẹ́ràn gbólóhùn méjì tó wọ̀n bákan náà ju ìró ìparí lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì tú. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹwàá, ní ààfin àwọn Buyid, ìdílé ọba kan ní ilẹ̀ Ìran, ní ìlú Rayy, saj' ti wọ lẹ́tà ìjọba dé egungun. Ibn al-Amid, Wàsíírì tó kú ní ọdún 970, ṣì mọ̀wọ̀n. Ẹni tó jókòó sípò náà lẹ́yìn náà, as-Sahib Ibn Abbad, tó kú ní ọdún 995, ni wọ́n sọ nípa rẹ̀ pé ó kọ ìwé sí alùkáálí ìlú Qum: "Ayyuha l-qadi bi-Qum, qad azalnaka fa-qum." Ìwọ alùkáálí tó wà ní Qum, a ti yọ ọ́ nípò, dìde. Orúkọ ìlú àti ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí dìde ń dún bákan náà, Sahib kò sì lè fi adùn yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní alùkáálí náà fèsì pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀, saj' yìí nìkan ló yọ òun níṣẹ́.

Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá Sahib ni, ó fi hàn pé àwọn ará ìgbà náà gan-an ti ń fi àrùn yìí rẹ́rìn-ín. Ibn Khaldun, tó jẹ́ akọ̀wé ọba nílẹ̀ Mòrókò kí ó tó di òpìtàn tí gbogbo ayé mọ̀, tún kọ ọ́ sínú Muqaddima rẹ̀ pé lẹ́tà ìjọba kò yẹ fún ìdárayá ìró. Bí ọba bá ní nǹkan sọ, kí ó sọ ọ́ kí ó yé ènìyàn. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Níbi tí a ti yapa ni pé ẹ rò pé inú ààfin ni ìtàn saj' parí sí.

* * *

Ó jáde sí ìta. Èyí ni mo ń bá bọ̀ láti àárọ̀.

Ní nǹkan bí ìgbà tí Sahib ń lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Hamadhan dé Nishapur, orúkọ oyè rẹ̀ ni Badi' az-Zaman, òun ni wọ́n ń pè ní al-Hamadhani. Ó bá al-Khwarizmi, àgbà nínú lẹ́tà kíkọ, figa gbága lójú gbogbo ènìyàn, orúkọ rẹ̀ sì kàn látibẹ̀. Ó kú ní Herat ní ọdún 1008, kò pé ogójì ọdún. Ohun tó dá sílẹ̀ ni maqama: ìtàn kúkúrú tí ẹnìkan tó ń jẹ́ Isa ibn Hisham ń sọ, nípa Abu l-Fath al-Iskandari, alágbe tó ń ti ìlú dé ìlú, tó ń fi ẹnu dídùn gba owó, tó sì ń yí ìrísí padà bí ọ̀gà.

Ẹ wo Maqama ti Baghdad. Ebi ń pa Isa fúnra rẹ̀, kò ní kọ́bọ̀. Ó rí ará oko kan tó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ bọ̀, ó kí i pé, "Ẹ káàbọ̀, Abu Zayd, níbo lẹ ti ń bọ̀?" Ará oko ní Abu Ubayd ni òun. Isa ní Èṣù ló mú òun gbàgbé, ó bèèrè bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ fa aṣọ ara rẹ̀ ya nígbà tó gbọ́ pé bàbá náà ti kú, ó wá fa ọkùnrin náà lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran yíyan, wọ́n jẹ ẹran, wọ́n jẹ ohun dídùn, Isa ní òun fẹ́ lọ wá omi tútù wá, ó sì lọ lúgọ síbì kan, ó ń wò. Ẹlẹ́ran di ará oko mú, ó lù ú títí ó fi san owó, bẹ́ẹ̀ ló ń sunkún tó ń sọ pé ẹ̀ẹ̀melòó ni òun sọ fún ọ̀bọ kékeré yẹn pé Abu Ubayd ni òun, tó sì ń pe òun ní Abu Zayd. Qurayd, Ubayd, Zayd.

Níbí, kì í ṣe aṣọ orí ọ̀rọ̀ ni saj' mọ́. Ẹkún ọkùnrin náà ń dún bí orin, ìyẹn ló ń pa wá lẹ́rìn-ín, tí àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe wá. Ohun ìjà aláfọ̀ṣẹ, ohun ìjà oníwáàsí àti ti akọ̀wé ọba ni al-Hamadhani gbà lọ́wọ́ wọn, tó fi lé ẹnu ẹlẹ́tàn àti ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Nínú maqama, saj' bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tó bá ní saj' pa ọ̀rọ̀ geere, kí ó ṣàlàyé èyí fún mi.

* * *

Àtakò tó dé ní kíá: "Al-Hamadhani la gbà, al-Hariri ńkọ́? Eré lẹ́tà lásán."

Al-Hariri jẹ́ ará Basra, wọ́n bí i ní 1054, ó kú ní 1122. Alágbe tirẹ̀ ni Abu Zayd as-Saruji, asọ̀tàn rẹ̀ ni al-Harith ibn Hammam. Ọmọ rẹ̀ sọ pé arúgbó kan tí aṣọ rẹ̀ ti gbó ló wọ mọ́sálásí Banu Haram ní Basra, tó sọ ọ̀rọ̀ tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu, tó ní ará Saruj ni òun, pé àwọn ará Róòmù ti kó ọmọ òun lẹ́rú. Látinú ìyẹn ni bàbá òun ti kọ èyí tó di ìkejìdínláàádọ́ta lónìí.

Mo gbà pé ó ń ṣeré lẹ́tà. Nínú ìkẹrìndínlógún ó kọ gbólóhùn tí a lè ka lẹ́tà rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Nínú ìkejìdínlọ́gbọ̀n, wáàsí kan wà tí kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀ tó ní àmì kínkín lórí tàbí nísàlẹ̀. N kò ní parọ́, ó sú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó sì tún ń sú mi díẹ̀ báyìí. Ìyẹn gan-an ló sì gbé e débi tí ó dé: wọ́n ní ọgọ́rùn-ún méje ẹ̀dà ni ó fọwọ́ sí fún àwọn tó kà á níwájú rẹ̀. Ní ọdún 1237, al-Wasiti ya àwòrán mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sínú ẹ̀dà kan tó wà ní Párísì lónìí. Wọ́n fara wé e ní Andalus, ilẹ̀ Sípéènì ìgbà àwọn Mùsùlùmí, al-Harizi sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Hébérù. Ní Ìlọrin àti ní ọ̀pọ̀ ìlú kéwú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun ni àwọn ọmọ kéwú ń kà tí wọ́n bá ti la náhàwù kọjá, nítorí àpótí ọ̀rọ̀ ni.

Ibẹ̀ sì ni mo ti ń bá àwọn àfáà wa jà. Wọ́n sọ ọ́ di àpótí ọ̀rọ̀, ìtàn inú rẹ̀ bá sọnù. Àbúrò mi, o ti parí méje, jẹ́ kí n bi ọ́ nípa àkọ́kọ́, ti San'a. Kí ni al-Harith rí nínú ihò àpáta?

* * *

Ọmọ Kéwú fèsì pé: "Ẹ forí jì mí. Mo mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mi ò rántí bí ó ṣe parí."

Èmi náà kò rántí nígbà tèmi. Jẹ́ ká kà á papọ̀. Abu Zayd ti wáàsí ní San'a, ó ti dẹ́rù ba ènìyàn nípa ikú, wọ́n ti sunkún, wọ́n ti kó owó fún un. Al-Harith yọ́ tẹ̀lé e dé ihò àpáta, ó fún un láyè díẹ̀ kí ó bọ́ bàtà kí ó sì fọ ẹsẹ̀, ó wá já wọlé. Ó bá a tó jókòó ti tilmidh, lórí khubz samidh, àti jady hanidh, tí khabiyat nabidh sì dojú kọ wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́, búrẹ́dì ìyẹ̀fun kíkúnná, ọmọ ewúrẹ́ yíyan, àmù ọtí. Ẹ fi òṣùwọ̀n Ibn al-Athir wọ̀n ọ́n: ohun mẹ́rin, kò sí èyí tó tún èkejì sọ, ìkọ̀ọ̀kan sì ń tú àṣírí ju èyí tó ṣáájú lọ. Nígbà tí etí bá ti gbọ́ samidh àti hanidh, ó ti ń retí ìró kan, ìró tí ó sì bọ́ sí i ni ọtí. Oníwáàsí àárọ̀ náà nìyẹn.

Mo ti gbìyànjú láti túmọ̀ ìlà yìí sí Yorùbá kí ìró ìparí rẹ̀ bára mu. Ó di orin ọmọdé, mo ya á. Etí Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ìró ìparí sí. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́, àti gbólóhùn tó dọ́gba tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yí padà nínú rẹ̀. Ohun tí mo padà kọ ni pé: ó fún ìlú ní wáàsí, ìlú fún un ní owó, ó fún ọmọ ní búrẹ́dì, ó fún ara rẹ̀ ní ọtí. Ó jọ ti al-Jahiz ju ti al-Hariri lọ, ará yunifásítì lè yọ̀ mí.

* * *

Ìbéèrè rẹ gan-an, ṣé kí o fi í sílẹ̀? Má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún àfáà rẹ, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, pé ẹ fẹ́ máa gbọ́ odidi maqama kan látòkèdélẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kà á sókè, kí ẹ máa dánu dúró níbi tó yẹ. Ka al-Hamadhani ti Baghdad àti ti ọbẹ̀ madira lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ka al-Jahiz náà. Ta ló ní kí o má kà á?

Ẹnìkan ní kí o fò lọ sí ìkáàádọ́ta nítorí ibẹ̀ ni Abu Zayd ti ronú pìwà dà. Mi ò gbà. Ẹni tí kò bá tíì bá ọkùnrin yìí rìn ní gbogbo ìlú tó ti purọ́, kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣiyèméjì. Ní mọ́sálásí Basra ó tún dìde, ó tún wáàsí, ó ní kí wọ́n bá òun tọrọ ìdáríjì, al-Harith náà rò pé ẹ̀tàn mìíràn ni. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ pé ó ti padà sí Saruj, ó ń kírun. Ó tún tẹ̀lé e lọ, bó ṣe tẹ̀lé e lọ sínú ihò àpáta lọ́jọ́ kìíní. Abu Zayd mú un lọ sí bayt rẹ̀, ó sì pín nínú zayt rẹ̀ fún un: búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan àti òróró. Kò sí ẹran níbẹ̀, kò sì sí àmù.